Ipasẹ̀ Ẹranko Lórí Ìyẹ̀fun Àgbàdo

Ìparí oṣù kẹfà ọdún 2009 ni bàbá mi dé sí Johannesburg, nígbà tí òtútù mú jù. Ìyá mi ti kú ní ìparí ọdún tó ṣáájú. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n mú bàbá wá sọ́dọ̀ mi fún oṣù mẹ́ta, kí ojú wọn lè kúrò lára ilé tó ṣófo. Mo lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ òfurufú, mo mú kóòtù ọkọ mi dání, wọ́n sì wọ̀ ọ́.

Olùṣọ́ igbó ìjọba ni bàbá mi ní Èkìtì, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí a bá jọ ń lọ sí oko, wọn á ṣàdédé dúró, wọn á na igi ọwọ́ wọn sílẹ̀, wọn á ní ẹtu kọjá níbẹ̀ láàárọ̀. Èmi ò ní rí nǹkan kan ju erùpẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó dé sí ilé wa ní àdúgbò Troyeville kì í sọ̀rọ̀. Wọn á jí, wọn á gbàdúrà, wọn á jókòó síwájú hítà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan. Ẹnjinníà ni ọkọ mi, Durban ni iṣẹ́ gbé e lọ, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló sì ń wálé. Ọmọ wa kan ṣoṣo, ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ, ló ń wà lọ́dọ̀ bàbá lẹ́yìn ilé ìwé. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn, Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí bàbá mi sì gbọ́ kò jọ irú èyí tí ọmọ ń sọ. Àwọn méjèèjì á kàn jókòó bí ẹni tó bára wọn pàdé ní ibùdókọ̀.

Ní oṣù kẹjọ, olùkọ́ pín ilẹ̀ ayé fún àwọn ọmọ kíláàsì, ó ní kí kálukú wá sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹranko ilẹ̀ tó kàn án. Tọ́ńdírà ló kan ọmọ mi: ilẹ̀ gbalasa kan lókè ayé lọ́hùn-ún, tí yìnyín ń bò fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí igi gidi kì í hù níbẹ̀. Inú rẹ̀ ò dùn rárá, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gba ilẹ̀ kìnnìún. Mo ní kó bi bàbá àgbà. Ó dá mi lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì pé igbó nìkan ni bàbá àgbà mọ̀. Mo bá a wí, mo sì lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ kejì, ìrọ̀lẹ́ ni, mo ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Odindi àpò ìyẹ̀fun àgbàdo funfun, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń ro òkèlè tí wọ́n ń pè ní páàpù, ni wọ́n ti tẹ́ sórí ìwé ìròyìn nílẹ̀, láti ẹsẹ̀ sítóòfù dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá àti ọmọ kúnlẹ̀ sí etí rẹ̀. Mo ti la ẹnu láti bínú nígbà tí bàbá gbé ọwọ́ sókè láìwò mí.

"Má tẹ̀ ẹ́," ni wọ́n wí. "Ehoro ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn lọ́jọ́ náà nìyẹn. Mo bọ́ bàtà, èmi náà kúnlẹ̀.

Inú ìwé tí ọmọ yá ní ilé ìkàwé ni bàbá ti wo àwòrán. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹranko, ẹsẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ìka àti ẹ̀yìn ọwọ́ tẹ ìyẹ̀fun náà bí ẹsẹ̀ ẹranko kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ehoro ibẹ̀ fẹ̀ kó má baà rì. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun ní irun lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, nítorí náà ojú ẹsẹ̀ tirẹ̀ kì í mọ́lẹ̀. Pátákò àgbọ̀nrín ibẹ̀ là gbàgàdà, òun ló sì fi ń wa yìnyín kó tó rí nǹkan jẹ. Ní igun kan, ẹsẹ̀ wínniwínni eku kan ń lọ, ń lọ, ó sì dáwọ́ dúró lójijì. Mo bi wọ́n pé níbo ni eku gbà.

"Òwìwí ti gbé e lọ," ni ọmọ mi wí, ó sì na ọwọ́ sí ibi tí ìyẹ́ ti gbá ìyẹ̀fun.

Yorùbá ló fi sọ ọ́. Mo tún na ọwọ́ sí ojú ẹsẹ̀ mìíràn kó má baà ṣíwọ́.

Ó ku béárì funfun. Bàbá ní àwọn ò lè parọ́ mọ́ ẹranko tí àwọn ò rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó di Sátidé, a wọ takisí méjì lọ sí ọgbà ẹranko. Béárì náà ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò àfọwọ́ṣe kan, bó bá dé ògiri á yí padà. Bó ṣe jáde nínú omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn lórí sìmẹ́ǹtì. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ díwọ̀n rẹ̀ láti òkèèrè. Lẹ́yìn náà wọ́n kàn dúró, wọ́n ń wò ó.

"Báyìí ni ìyá rẹ máa ń rìn," ni wọ́n sọ fún mi níkẹyìn. "Bí mo bá sùn sínú igbó, kò ní jókòó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kò sọ fún mi rí. Ọjọ́ tí a sin ín ni aládùúgbò wa sọ ọ́."

Wọ́n fi etí kóòtù nu ojú. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a ń jẹ ọ̀dùnkún díndín, wọ́n sì sọ̀rọ̀ ìyá mi títí oòrùn fi lọ sílẹ̀, àwọn ohun tí èmi ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ rí. Ọmọ mi ń bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n ń dáhùn.

Ní ọjọ́ tí ọmọ fẹ́ sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, bàbá bá a lọ. Mo gba ààyè níbi iṣẹ́ kí n lè wà níbẹ̀. Bàbá ń tẹ ojú ẹsẹ̀ sórí ìyẹ̀fun nínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣàlàyé ní Yorùbá, ọmọ mi sì ń túmọ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣòro fún un, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á bi bàbá wúyẹ́wúyẹ́, á sì tún dìde. Olùkọ́ béèrè bóyá bàbá ti dé ilẹ̀ yìnyín rí.

"Rárá o," ni bàbá wí. "Ṣùgbọ́n ẹranko ibi gbogbo ló ń fi ẹsẹ̀ kọ̀wé."

Ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ yòókù sì rọ́ wá sí ìdí àwo náà.

Ìparí oṣù kẹsàn-án ni bàbá padà sílé. Ọdún mẹ́rin sí i ni wọ́n lò láyé. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ mi á pè wọ́n, wọn á sọ ohun tó gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá lọ́sẹ̀ náà fún un. Èmi á wà nídìí oúnjẹ, n kì í gbọ́ ju ẹ̀rín ọmọ lọ, títí káàdì fóònù á fi tán.