Ẹ̀bùn Tó Ti Ilẹ̀kùn Inú Kòtò

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró létí ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn, mò ń yan iṣu tí mo fẹ́ rà, nígbà tí ọlọ́kadà kan kọjá. Ó so ẹ̀rọ orin kékeré kan mọ́ iwájú ọ̀kadà rẹ̀, orin tó sì ń jáde níbẹ̀ kì í ṣe orin ilẹ̀ wa. Gìtá ni, gìtá àwọn ará Àbíjàǹ tí kì í sinmi, ọkùnrin kan sì ń fi Faransé ráhùn lórí rẹ̀ bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde. Kí n tó yíjú, ọ̀kadà náà ti wọ inú eruku. Ìyá oníṣu bi mí pé ṣé kò sí o. Mo ní kò sí. Kí ni ǹ bá sọ fún wọn? Pé ẹsẹ̀ mi fẹ́ jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, lọ́jọ́ orí mi yìí? Mo gbé iṣu mi, mo ń lọ sílé, ọkàn mi sì bàjẹ́ fún ohun tí n kò rí ẹni bá sọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò ní gbà pé Èjìgbò fìgbà kan ní ilé ijó kan lábẹ́ ilẹ̀. Lábẹ́ ilẹ̀ gan-an ni mo wí, n kò fi pa òwe. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan ni, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sódò. Baba tó kọ́ ọ ṣòwò kòkó, wọ́n sì gbẹ́ yàrá ńlá kan sábẹ́ ilé náà láti máa kó àpò kòkó wọn sí. Nígbà tí baba náà kú, tí òwò náà bá wọn lọ, yàrá yẹn di ti eku àti aláǹgbá, títí tí ọmọbìnrin wọn kan fi ti Àbíjàǹ dé. Sẹ̀límọ́tù lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n Tàntí ni gbogbo wa ń pè wọ́n, bí àwọn ọmọ ọ̀hún ṣe ń pe àǹtí wọn. Ọkọ wọn ti kú sí ẹ̀yìn odi, wọn kò sì bímọ. Ẹrù tí wọ́n kó bọ̀ kò ju aṣọ díẹ̀ lọ, àti rédíò kásẹ́ẹ̀tì kan tó tóbi tó ọmọ ọdún kan.

Tàntí gbá yàrá náà mọ́. Wọ́n po búlúù ìfọṣọ mọ́ ẹfun, wọ́n fi kun ògiri. Wọ́n fi ọ̀rá pupa we gílóòbù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, wọ́n sì to bẹ́ǹṣì yí yàrá náà ká. Òórùn kòkó kò kúrò níbẹ̀ láé. Àwọn tó ti Àbíjàǹ dé ní orúkọ Faransé kan tó dùn tí wọ́n fún ibẹ̀, ṣùgbọ́n ará Èjìgbò kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Inú Kòtò ni wọ́n sọ ọ́. Bí ọ̀dọ́ kan bá ní òun ń lọ sí Inú Kòtò, àgbàlagbà tó bá wà nítòsí á ní ẹni tó bá jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, á sì pòṣé.

Àbíjàǹ ni wọ́n bí èmi náà sí. Bí ọ̀pọ̀ ìdílé oníṣòwò ìlú wa ṣe ń ṣe títí dòní, bí ọmọ bá ti lè fọ aṣọ ara rẹ̀, wọ́n á dá a padà wálé kó wá mọ ilé, kó kéú, kó sì gbọ́ Yorùbá. Wọ́n já mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi bí ẹni já ẹrù, ìyá mi sì padà sídìí ọjà wọn lọ́hùn-ún. Yorùbá mi kò tó fi tọrọ omi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ dáadáa níwájú Ìyá Àgbà, mo ní, “O káàárọ̀.” Ìyá Àgbà wo ẹ̀yìn wọn bóyá ọmọdé kan ló wà níbẹ̀. N kò tíì gbọ́n, mo tún lọ kí Lémọ́ọ̀mù àdúgbò bẹ́ẹ̀, ìròyìn sì kárí. Nílé kéú, wọ́n sọ mí lórúkọ “O Káàárọ̀”, orúkọ náà kò sì kúrò lára mi títí mo fi lọ ilé ọkọ.

Mo ń rẹ́rìn-ín sí i báyìí. N kò rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ọmọ tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín kì í pẹ́ kó tó mọ ìwúlò ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Agboolé wa kún fún èèyàn, ariwo àwọn obìnrin nídìí ààrò, ariwo àwọn ọmọ nídìí igi tí wọ́n ń gùn, mo sì lè wà láàárín wọn láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Kò sí ẹni tó fìyà jẹ mí, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó kàn jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń fi èdè tí mò ń fi ronú bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n rán mi ní ata lílọ̀ ládùúgbò kejì, tí mo gbọ́ ohùn obìnrin tó ń fi Faransé bá ẹnì kan wí, láti inú ilẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wo inú ọ̀kan nínú fèrèsé méjì tó dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀. Tàntí gbójú sókè, wọ́n rí orí mi àti abọ́ ata. Wọ́n ní, “Mà pítíìtì, wọlé.” Ọmọ mi kékeré ni ìtumọ̀ rẹ̀, bí ìyá mi sì ṣe ń pè mí nìyẹn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níta, mo sunkún, ata sì ń gbẹ nínú abọ́. Lẹ́yìn náà ni mo wọlé.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo kà sí ọjọ́. Ọ̀sán ni tiwa àwọn ọmọdé, lẹ́yìn ìrun Àílà. Ohun tí àwọn àgbà ń ṣe níbẹ̀ bó bá di alẹ́, n kò lè sọ, n kò bá wọn débẹ̀. Omi atalẹ̀ tí wọ́n fi ṣúgà sí ni Tàntí ń tà fún wa, ó ta bí ìjà. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, gbogbo wa á kọ́kọ́ fi abọ́ gbọ́n omi kúrò nílẹ̀ kí ijó tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn gan-an sì dùn tó ijó. Bí ládàánì bá pe Àlàásárì, Tàntí á pa rédíò. Ẹni tó fẹ́ kírun á lọ kírun, àwọn yòókù á dákẹ́, lẹ́yìn náà gìtá á tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọ kankan dá jókòó. Wọ́n á wá bá ọ lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á fà ọ́ dìde, wọ́n á fi ọwọ́ rẹ lé ọwọ́ ẹlòmíràn, wọ́n á sì bá tiwọn lọ.

Ọwọ́ Ràmátù ni wọ́n fi tèmi lé. Òun náà, wọ́n kó o ti Kodifúà dé ni, wọ́n sì fi í sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ìdílé ìyá rẹ̀ ní ìlú Ara. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ń gbé ẹ̀gẹ́ wá sí Èjìgbò ló máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e wá. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì jó jù mí lọ. N kò ní ọ̀rẹ́ mìíràn. Bí a bá ń jó, ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá níta nìkan là ń rí lójú fèrèsé, àwa méjèèjì sì ti mọ ẹsẹ̀ gbogbo àdúgbò. A mọ bàtà Lémọ́ọ̀mù. A mọ ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ kọjá bọ̀ nítorí pé ó fẹ́ wọlé, ojú ló ń tì í.

Ọjọ́ kan ni mo rí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà, pẹ̀lú làálì lórí èékánná, wọ́n dúró síwájú fèrèsé. Ẹsẹ̀ náà kò kúrò. Mo fi ọwọ́ Ràmátù sílẹ̀, mo rò pé ó ti parí fún mi. Nígbà tó pẹ́, ẹsẹ̀ náà yí padà, ó lọ. Mo délé, Ìyá Àgbà bu oúnjẹ fún mi bí i ti àtẹ̀yìnwá. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, n kò gbójúgbóyà láti jáde, ni wọ́n bá ní, “Ọjọ́ Àìkú mà lòní. Ṣé o ò níbi tí ò ń lọ ni?” Àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ti tán nílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Tàntí, Àlájì, ni olórí ilé náà, òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé. Rédíò ìsàlẹ̀ ń mi ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ẹní ìkírun sí, àwọn àgbà mọ́sáláṣí sì ti ń wo wọ́n lójú. Àlájì kò bínú, wọn kò bá Tàntí jà rárá. Ọgbọ́n ju agbára lọ. Lẹ́yìn ààwẹ̀ ọdún kan, nígbà tí a ń jó lọ́wọ́, wọ́n ní kí Tàntí gòkè wá. Ó pẹ́ díẹ̀, a gbọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ké Àlááù Àkúbárù lórí wa. Nígbà tí Tàntí sọ̀ kalẹ̀, wọ́n di ẹnu ọ̀nà mú. Ràmátù bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn àbúrò mi tó wà lọ́hùn-ún ti sanwó Mẹ́kà fún mi.”

A pàtẹ́wọ́. Kí lọmọdé mọ̀? A fò sókè, a dì mọ́ wọn, a ní kí wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì tó dùn jù sí i, a sì jó débi pé búlúù ara ògiri kùn wá láṣọ. Tàntí bá wa jó. Ìyá Àgbà ló là mí lójú nígbà tí mo sáré délé ròyìn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ṣe àdúrà fún Tàntí, wọ́n wá fà mí mọ́ra. Wọ́n ní ẹni tó bá ti Mẹ́kà dé kì í ṣí ilé ijó. Mo ní ṣé Tàntí ò lè sọ pé àwọn ò lọ ni. Wọ́n ní ta ni yóò kọ ilé Ọlọ́run?

Tàntí lọ, wọ́n bọ̀, eyín wúrà ti wà lẹ́nu wọn, funfun ni wọ́n wọ̀ látòkè délẹ̀. Gbogbo àdúgbò jáde lọ pàdé wọn, èmi náà wà níbẹ̀, wọ́n fún mi ní dàbínù tí wọ́n kó bọ̀ jẹ. Àlájà la wá ń pè wọ́n. Inú ìlú dùn, ó sì yẹ kó dùn. Èmi nìkan ló dà bí ẹni tó wá síbi ayọ̀ pẹ̀lú òkú lọ́kàn. Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí fèrèsé méjèèjì, wọ́n sì ń kó sìmẹ́ńtì sí yàrá náà. Ràmátù wá lọ́jọ́ Àìkú kan sí i. A dúró níwájú ilẹ̀kùn títì, a ò mọ ibi tí à bá jókòó sí, títí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi wá gbé e. Inú Kòtò nìkan ni mo ti mọ̀ ọ́n, n kò mọ agboolé wọn. Nígbà tí mo dàgbà tó láti dá lọ sí Ara, wọ́n ní wọ́n ti mú un padà sí Kodifúà, kò sì sí ẹni tó lè tọ́ka ibi tó wà fún mi. N kò rí i mọ́ títí dòní.

Ọmọ tí wọ́n bá kó ti Àbíjàǹ dé lónìí, fóònù ń fi ojú ìyá rẹ̀ hàn án lójoojúmọ́. Ilé ijó pọ̀ lẹ́bàá títì, orí ilẹ̀ ni wọ́n wà, ẹnikẹ́ni kò sì fòyà. Èmi ò bẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Mo kàn ti rí ọmọbìnrin kan rí tó dá jókòó ti ògiri nínú ọ̀kan nínú wọn, tó mu míńírà rẹ̀ tán, tó sì lọ, tí kò sẹ́ni tó fà á dìde. Èyí tí kò yí padà ni pé a ṣì ń kó àwọn ọmọ wálé, wọ́n ṣì ń kí àgbà ní “o káàárọ̀”, a ṣì ń rín wọn.

Lọ́jọ́ kejì tí ọ̀kadà yẹn kọjá, mo lọ kí Àlájà. Àlájì ti di olóògbé. Àlájà ló wà ní yàrá òkè báyìí, ojú wọn ti di bàìbàì. Mo pè wọ́n ní Tàntí, wọ́n sì mọ̀ mí. Mo wá béèrè ohun tí n kò lè béèrè láti kékeré, bóyá wọ́n mọ̀, lọ́jọ́ yẹn tí wọ́n ń bá wa jó, pé ó ti parí.

Wọ́n ní, “Láti orí àtẹ̀gùn ni mo ti mọ̀. Inú mi sì tún dùn. Ohun méjèèjì ló wà níbẹ̀, ọmọ mi.”

Wọ́n ní àwọn tó ti dé Mẹ́kà rí ti sọ fún àwọn pé àdúrà tí èèyàn bá ṣe nígbà tí ojú rẹ̀ bá kọ́kọ́ kan Káábà, ó máa ń gbà. Láti Èjìgbò ni wọ́n ti di tiwọn sọ́kàn. Ọmọ ni wọ́n fẹ́ tọrọ. Wọn kò tíì dàgbà jù nígbà náà, bí ọkọ bá tún wá.

“Ìgbà tí ojú mi kàn án,” wọ́n ní, “ẹ̀yin ni mo rí, bí ẹ ṣe ń pàtẹ́wọ́. Mo ní kí Ọlọ́run bá mi wá ibòmíì fún yín. Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó rántí ọmọ.” Wọ́n na ọwọ́ wá mi. “Ṣé ẹ rí ibòmíì náà?”

Mo ronú kan Ràmátù. Mo ronú kan ọkọ mi tó ti lọ, àti àwọn ọmọ mi tí wọ́n tàn ká ẹ̀yìn odi, àti ilé mi tí mo lè gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara mi nínú rẹ̀. Mo di ọwọ́ náà mú.

Mo ní, “A rí i, Tàntí. A ti rí i tipẹ́.”