Òrùka Idẹ Inú Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́

Mo rántí òórùn bẹntiróòlù tó máa ń ta sí wa nímú lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìlá, nígbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa rin ẹ̀gẹ́ fún gàárì. Ẹ́ńjìnnì alùpùpù tí katikíìsì ìjọ wa ti pa tì la fi ṣe é. Agbára rẹ̀ kò tó, a yọ písítìnì rẹ̀ tó ti jẹ, a fi èyí tó tóbi jù ú lọ sí i. Ohun tó kù ni òrùka idẹ tí ọ̀pá ẹ̀rọ náà yóò máa yí nínú rẹ̀. Wọn kì í tà á níbì kankan, àfi ká ṣe é fúnra wa. Asúdẹ kan bá wa yọ́ idẹ, èmi ni mo sì fi fáìlì ha òrùka náà títí ó fi ṣe rẹ́gí, lójú tèmi. Mo gé ìlà mẹ́ta sí i létí kí ẹnikẹ́ni má baà gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe rí nìyẹn: ẹni tó bá kí mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, mo ti ń wá ìdí rẹ̀.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dáa jù lọ́jọ́ àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́ wa ni olùkọ́ yóò fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn láti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá mi kò ní oko kòkó bíi ti àwọn baba yòókù, n kò sì rí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà kúrò nídìí ọkọ́. Mo fẹ́ àyè yẹn débi pé oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu mi mọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú àfihàn, òrùka mi gbóná, ọ̀pá há, èéfín sì bò wá. Ní ọjọ́ Ajé, tí í ṣe ọjọ́ àfihàn gan-an, ẹ̀rọ kan náà ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́.

“Kí lo ṣe sí i?” mo bi ọ̀rẹ́ mi.

“Gírísì ni.”

Gírísì kẹ̀? Gírísì wo ló ń wo irú àrùn yẹn sàn? Kí n tó wádìí, àwọn ìyá tó ń din gàárì ti dé, ẹ̀rọ wa rin agbọ̀n ẹ̀gẹ́ kan tán, wọ́n pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ béèrè ẹni tó ṣe òrùka náà. Ọ̀rẹ́ mi ti nàka sí mi kí n tó lanu.

Bí mo ṣe dé Ìbàdàn nìyẹn, tí mo sì fi ẹ̀rọ títúnṣe tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ta ní í fi irú àyè yẹn sílẹ̀ lásán? Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, ọ̀rẹ́ mi á gbé iṣu wá fún mi láti oko rẹ̀ ní Ọ̀rà. Á jókòó, á mu omi, á rẹ́rìn-ín, á lọ. Mo máa ń sọ fún ìyàwó mi pé, “Ọdún yìí ni yóò sọ ohun tó ń wá.” Kò sọ ọ́, ìyẹn ló sì tún ń dẹ́rù bà mí jù. Bí mo bá dé Ìlá, n kì í yà sí ilé ẹ̀kọ́ wa, níbi tí ẹ̀rọ náà wà. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ tú ẹ̀rọ náà, kí n rí òrùka tí kì í ṣe tèmi, kí iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun sì di ti ẹlòmíràn.

Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni ilé ẹ̀kọ́ kó ẹrù àtijọ́ jáde, wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ náà. Mo tú u níṣojú ọ̀rẹ́ mi. Òrùka náà ṣì ń dán, kò sí ìlà kankan létí rẹ̀.

“Ìwọ lo ṣe é,” mo wí.

“Èmi ni. Mi ò lè jẹ́ kí ojú tì wá níwájú àwọn ìyá yẹn. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ Ìbàdàn, oko ni mo fẹ́. Ká ní o ò lọ ni, èmi ni wọn ì bá fi tipátipá rán lọ.”

“Iṣu ọdọọdún yẹn ńkọ́?”

“Ọpẹ́ ni mò ń dá. Kí lo rò pé ó jẹ́?”

Mo ti ń jẹ iṣu ọpẹ́ títí irun mi fi funfun, bí ẹni ń jẹ ẹja eléegun. Ojú tì mí, ẹ̀rín sì ń pa mí. Mo ti dàgbà báyìí, ìfura kò tíì tán lára mi, ṣùgbọ́n ti ọ̀rẹ́ mi ti kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ra aṣọ òtútù kan tó nípọn, mo gbé e lọ bá a ní Ọ̀rà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, ó wá wojú mi fín-ín-fín.

“Kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?”