Télọ̀ Tó Ń Fi Eyín Di Abẹ́rẹ́ Mú

Ìwà ọ̀dẹ̀ gbáà ni mo hù: mo gbà kí Àlàájì lánlọ́ọ̀dù yan agbábọ́ọ̀lù lẹ́yìn tí onítọ̀hún ti gbá gólì wọlé.

Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan l'Ọ́jà Tuntun la ti ń ṣeré náà. Kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò, kálukú á yan agbábọ́ọ̀lù kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá gbá gólì ló jẹ. Ọjọ́ tí mò ń wí yìí ni wọ́n kọ́kọ́ fi mí ṣe alága tó ń dájọ́ eré, torí mo ka ìwé mẹ́fà. Ṣùgbọ́n Àlàájì ló ni ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó yan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá gólì, alága ní ó jẹ.

Télọ̀ yìí kì í sábà sọ̀rọ̀, torí abẹ́rẹ́ ló máa ń wà láàárín eyín rẹ̀. Tó bá ti ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ yáa múra. Bí oníbàárà bá ní dáńṣíkí lòun tún fẹ́ dípò bùbá, á ní, "A ti gé e. Ó tán."

Lọ́jọ́ náà, ó yọ abẹ́rẹ́.

"Alága, ṣé o gbà á?"

"Àgbà ṣáà ni Àlàájì," ni mo wí, mo ń wo bàtà mi.

Àlàájì rẹ́rìn-ín. "Àbí ìwọ télọ̀ fẹ́ kó jáde nínú ṣọ́ọ̀bù mi lọ́la ni?"

Télọ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lé èjìká. "Ó ṣe di ọ̀la? Ẹ̀yin lẹ ni ṣọ́ọ̀bù, sà. Ṣùgbọ́n gólì ti wọlé kí ẹ tó yan. A ti gé e."

Ó kù díẹ̀ kó dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí Àlàájì ké:

"Gbé e sílẹ̀ jàre! Agbádá Iléyá mi tó o ti gé ńkọ́?"