Àdíját Onírin àti Pátákó Elédè Púpọ̀

Iwájú ilé ẹbí ọkọ rẹ̀ ní Olówógbowó ni ṣọ́ọ̀bù Àdíját wà. Irin ló ń tà níbẹ̀: ìṣó, ẹ̀wọ̀n, àgádágodo, hínjì ilẹ̀kùn, wáyà, àti àwọn ìkọ́ ràbàtà kan tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí àwọn tó ń rà wọ́n fi ń ṣe. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fi ọjà náà lé e lọ́wọ́ kó tó kú. Ọkọ rẹ̀ náà ti ṣaláìsí, ó wá ku òun àti Nusrat ọmọ rẹ̀ obìnrin ní yàrá ìsàlẹ̀. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni, tó lawọ́, tí kì í tan oníbàárà jẹ. Àléébù tó ní kò ju ẹyọ kan lọ: ó gbà pé ìdajì àwọn tó ń kọjá lójú pópó ń bú òun ni. Bí èèyàn bá wúkọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á béèrè ẹni tí onítọ̀hún ń bá wí.

Àléébù yìí ló dá ohun gbogbo sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin Ègùn kan tó ti Kútọnu wá dúró níwájú rẹ̀. Ó wo ẹ̀wọ̀n, ó wo ìkọ́, ó nàka sí wọn, ó ní, "Gàn?"

"Kí lẹ wí?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tún nàka. "Gàn. Gàn."

Àdíját dìde. "Ẹ̀ ń gàn mí? Kí ni mo fi ṣe yín tí ẹ fi ń gàn mí lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ mi? Kí ló ṣe ọjà mi?"

Ọkùnrin náà kò gbọ́ ẹyọ kan nínú ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n ó rí ojú rẹ̀. Ó sọdá títì sọ́dọ̀ Mọ̀núrù tí òun náà ń ta irin. Àjàṣẹ́, nílùú àwọn Ègùn, ni Mọ̀núrù ti dàgbà. Bó ṣe gbọ́ "gàn" báyìí, ó fa àga fún àlejò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń di ẹ̀wọ̀n àti ìkọ́ sínú ọkọ̀, tí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà sì wọ́lẹ̀ bí aboyún tó fẹ́ jókòó.

Nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, Mọ̀núrù sọdá wá. Ojú ń tì í díẹ̀. Ó ní, "Ìyá Nusrat, irin ni wọ́n ń pè ní gàn lédè Ègùn. Ọkùnrin yẹn kò gàn yín o."

Àdíját kò lè jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe ọjà tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn ún ni pé irin tó ti ń tà láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirimu, ẹnìkan lè dárúkọ rẹ̀ lójú òun kí òun má mọ̀ ọ́n.

Lálẹ́, ó sọ fún Nusrat. Nusrat ní, "Màámi, èdè pọ̀ láyé." Ó mú fóònù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ irin. Hausa ń pè é ní karfe. Ìgbò ń pè é ní ígwè. Àwọn Akan ní Gánà ń pè é ní dade. Àwọn ará Ṣáínà, jin. Àwọn òyìnbó kan wà, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Potogí, Jámánì, tí gbogbo wọn ń pè é ní metal tàbí ohun tó jọ ọ́, bí àwọn ọmọ iléèwé tó jí iṣẹ́ ara wọn wò.

"Ti ìyẹn rọrùn," ni Àdíját wí. "A ó kọ ẹyọ kan sára pátákó fún gbogbo wọn."

"Ní ìlú kan tó ń jẹ́ Họ́ngárì, fém ni."

"Níbo nìyẹn?"

"Ó jìnnà."

"Wọ́n máa ń wá sí Èkó?"

"Mi ò mọ̀, Màámi."

"Fi sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, wọn ò ní bọ́ sọ́wọ́ Mọ̀núrù."

Dáfídì, ará Iléṣà tó ń kọ pátákó ní Apọ́ngbọ̀n, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Nusrat bẹ̀ ẹ́ pé kó fi àmì ohùn sí ibi tí àmì bá wà. Dáfídì ní rárá. Ó ní àmì ohùn máa ń dà bí eṣinṣin tó bà lé lẹ́tà, àwọn èèyàn á sì máa fọwọ́ lé e. Nígbà tó dórí FEM, ó dúró. Lójú tirẹ̀, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà fún un ti gbàgbé lẹ́tà kan. Nítorí pé èèyàn rere ni, ó bá a fi I parí rẹ̀. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ pátákó, àyè ti há, ó wá kó méjì tó kù pọ̀ sójú ìlà kan. Ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà: IGWE DADE.

Wọ́n gbé e kọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Àdíját dúró sójú títì, ó wò ó, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó bímọ.

Ẹni àkọ́kọ́ tí pátákó náà fà wá ni Àbúdù, Hausa kan tó ń ru àlùbọ́sà ní ọjà Sandgrouse. Ó gbójú sókè, ó wo KARFE, ó súnmọ́ ọn. "Hajiya, karfe nawa?"

Àdíját ti bá Hausa nájà tó láti mọ̀ pé "nawa" ni wọ́n fi ń béèrè iye. Ara rẹ̀ yá gágá. "Ó dá lórí èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ti ìṣó yàtọ̀, ti ẹ̀wọ̀n yàtọ̀."

Àbúdù fi ìka kan ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. Àdíját mú ẹ̀wọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó we é mọ́ ọn lọ́wọ́, ó bi í bóyá ó gbà á. Àbúdù kò jà. Ó wo ẹ̀wọ̀n náà, ó wá fi Yorùbá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Aago ni mò ń béèrè. Lọ́dọ̀ wa, bí a bá fẹ́ mọ aago, karfe nawa là ń wí. Mo rò pé ibí yìí ni wọ́n ti ń sọ aago fún èèyàn."

"Báwo ni irin ṣe wá di aago?"

"Agogo tiyín ńkọ́, ṣé igi ni?"

Àdíját tọwọ́ bọ àpò. Ó wo fóònù rẹ̀, ó sọ aago fún un, ó sì tú ẹ̀wọ̀n kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo alábàárù Sandgrouse ti ń yà béèrè aago. Ó di dandan kó gbé agogo kan kọ́ ògiri, nítorí fóònù rẹ̀ kì í ní iná lọ́sàn-án.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Kẹ́mi dé, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń tajà fún èèyàn. Ó kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, Fẹ́mi dà?"

"Fẹ́mi wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síta."

Àdíját jáde, ó wò ó. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí Dáfídì ṣe. "Fém ló yẹ kó jẹ́. Irin ni. Àwọn ará Họ́ngárì ló ń pè é bẹ́ẹ̀."

Kẹ́mi gbójú sókè wo pátákó náà. Ó wá ní, "Fẹ́mi tèmi ní kí n dúró de òun nísàlẹ̀ afárá ká lọ rí àwọn òbí òun. Ó bá ibẹ̀ lọ, mi ò rí i mọ́. Ó lè jẹ́ pé irin ni lóòótọ́, mà. Ẹ jẹ́ n jókòó díẹ̀."

Ó jókòó sórí àpótí ìṣó. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó dìde, ó dúpẹ́, ó lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti wà níbẹ̀ kí Àdíját tó ṣí ilẹ̀kùn. Ó gbálẹ̀, ó tún jókòó. Nígbà tó yá, bí ẹnìkan bá fẹ́ ìṣó, òun ló ń dìde wọ̀n ọ́n. Bí àwọn ará àdúgbò bá béèrè ẹni tí ìyẹn jẹ́, Àdíját á ní, "Ó ń dúró de irin ni."

Lẹ́yìn náà ló kan Àáfà Yaqub, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Ó dúró jìnnà sí pátákó náà díẹ̀. Ó ní, "Ìyá Nusrat, kí ló dé tẹ́ ẹ gbé àlùjọ̀nnú kọ́ sórí àwa tí à ń lọ kírun? Àwọn ọmọ mi ń gba ẹ̀yìn ilé wá báyìí."

"Àáfà, kì í ṣe irú jin yẹn. Ti àwọn ará Ṣáínà ni. Irin ni."

"Ẹ̀yin mọ̀ pé irin ni. Ṣé jin fúnra rẹ̀ mọ̀?"

Àwọn méjèèjì rò ó títí. Àáfà ló wá rí ọgbọ́n sí i. Ó ní Lárúbáwá náà ní orúkọ irin, hadid, orúkọ súrà kan sì ni nínú Àlùkùránì. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, kò sí ohun tí èkejì lè ṣe. Dáfídì padà wá, ó kọ HADID, ó fi òṣùpá kékeré kan sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkàn Àáfà balẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ajé, àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ wá pé kí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ ní iléèwé kéwú tuntun. Ọ̀kan tilẹ̀ fi ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀, ó bá ọjà lọ. Kẹ́mi, tí kì í ṣe Mùsùlùmí, ló ń kọ́ ọmọ náà ní A, B, D títí ìyá rẹ̀ fi dé, ìyá náà sì yìn ín pé ọmọ òun ti ń yí padà.

Gbogbo èyí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọjọ́ tí àwọn ọkùnrin Ìgbò mẹ́ta dé. Ẹni tó ṣáájú wọn dé fìlà pupa, obì wà nínú àwo lọ́wọ́ rẹ̀. Okwudili ló ń jẹ́, òun ni alága àwọn tó ń ta ohun èlò iná mànàmáná lọ́nà ibẹ̀. Yorùbá rẹ̀ já gaara.

"Màámá, ẹ kú ọjà. A rí i níta pé Igwe Dade ń gbé níbí. Ojú tì wá pé ọba wà ládùúgbò, a ò sì tíì wá kí i."

"Igwe yẹn, irin ni," Àdíját bẹ̀rẹ̀. "Dade, irin náà ni, ṣùgbọ́n ti Gánà ni ìyẹn."

"Ará Gánà ni Igwe?"

"Rárá, irin ni."

Kó tó ṣàlàyé dé ibì kan, ohùn bọ́ sílẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè. Bàbá Mùsílíù ni, àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀, ọlọ́rí ẹbí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé pátákó náà kọ́ ni inú rẹ̀ kò ti dùn. Ní tirẹ̀, ohun tó kà ni pé Igwe kan ti dádé nínú agbo ilé òun, ẹnikẹ́ni kò sì fi tó òun létí.

"Ta ló ń béèrè ọba? Ẹ jẹ́ kí wọ́n gòkè wá."

Wọ́n gòkè. Síńgílẹ́ẹ̀tì àti fìlà ìkírun ni Bàbá wọ̀, ó jókòó sórí àga onírọ̀gbọ̀kú. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí i, wọ́n gbé obì kalẹ̀. Bàbá wo obì, ó wo Àdíját, ó wo àwọn tó dọ̀bálẹ̀. Àdíját rí i pé ó ti pinnu láti jẹ Igwe. Ó gba obì náà, ó sì ṣàdúrà gígùn fún wọn. Bó ti parí ni méjì nínú wọn kó ẹjọ́ kalẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń du iwájú ṣọ́ọ̀bù kan náà láti pátẹ sí. Bàbá di ojú, ó ń gbọ́. Wọ́n rojọ́ títí, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ bóyá ó ti sùn. Ó wá la ojú.

"Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń kí ẹni tó dé lẹ́yìn káàbọ̀. Èwo nínú yín ló ti kí ẹnìkejì?"

Àwọn méjèèjì wo ilẹ̀. Èyí tó ga jù yíjú sí ẹnìkejì, ó kí i káàbọ̀. Ẹjọ́ parí.

Àdíját kò lè sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Ó ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: àwọn tó ń béèrè aago ti wá, ẹni tó ń wá ọkọ ti wá, akéwú ti wá, ẹlẹ́jọ́ ti wá. Kò sí ẹnìkan ṣoṣo tí pátákó náà mú wá ra irin. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ránṣẹ́ pe Dáfídì pé kó wá tú u.

Bàbá Mùsílíù yọrí lójú fèrèsé. "Ẹni tó bá fọwọ́ kan pátákó yẹn, kó wá ilé mìíràn gbé."

"Bàbá, ó ń da ọjà mi rú."

"Gbé e wá sókè nígbà náà. Bí ìwọ ò bá lò ó, èmi ń lò ó."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kan án mọ́ ògiri lókè, lẹ́yìn àga Bàbá. Ìsàlẹ̀ wá di òfìfo, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lójú ṣọ́ọ̀bù. Ọjà kò pọ̀ sí i, kò sì dín kù. Kẹ́mi kò lọ. Ó ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ìṣó páànù àti ìṣó pákó, ó sì ti pẹ́ tó ti dárúkọ Fẹ́mi kẹ́yìn.

Ní ọ̀sán kan, Àdíját gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lọ fún Bàbá. Ó bá a lábẹ́ pátákó náà, ó ń sùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Okwudili jókòó níwájú rẹ̀, ó rọra ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀, ó ń dúró.

Àdíját gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Alága, ẹ má bínú. Igwe tó wà lára pátákó yìí, irin ni o. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti fẹ́ sọ ọ́."

"Màámá, a mọ̀," ni Okwudili wí. "Láti orí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ yẹn la ti mọ̀. Ohùn tí à ń fi pe irin yàtọ̀ sí ti ọba. Ṣùgbọ́n bàbá yín máa ń jẹ́ kí èèyàn rojọ́ tán. Níbo lẹ tún ti rí irú ẹ̀?"

Àdíját wo arúgbó tó ń hanrun náà. "Oorun ló ń sùn, Alága."

"Mo rí i. Ara rẹ̀ yá, àbí?"

"Ara rẹ̀ yá."

"Mi ò kánjú."

Kẹ́mi ń pè é láti ìsàlẹ̀ pé ẹnìkan fẹ́ ìkọ́ ńlá, òun kò sì mọ èyí tó fẹ́. Àdíját da aṣọ bo ẹsẹ̀ Bàbá, ó ní kí Alága máa bá òun lé eṣinṣin lórí oúnjẹ, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ.