Okùn Kànga Verna Silveira

Verna Silveira kì í jẹun àárọ̀ kó tó wọn kànga. Á ju òjé tó so mọ́ ẹnu okùn sísàlẹ̀, á tẹ́tí, á fà á sókè, á fi àtàǹpàkò wá ibi tí okùn ti tutù dé. Ní oṣù kẹwàá ọdọọdún, kí òjò ìgbà òtútù ibẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, á so òwú pupa mọ́ ojú ibẹ̀. Òwú mẹ́tàlélógún ló wà lára okùn náà. Àwọn ti ìṣáájú fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra wọn. Bí omi ṣe ń dín kù, àwọn ti ẹ̀yìn ń sáré lọ bá òjé bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Lọ́dún yìí, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Á jókòó, á dìde, á tún padà sídìí kànga lọ́sàn-án, bí ẹni pé omi lè ti gòkè nígbà tí kò wò ó. Ilé wáìnì mẹ́ta, tó ń fi omi kànga bomi rin oko àjàrà, ti wà lórí òkè Àfonífojì Quill níbi tí Verna ń gbé. Ìkẹrin ti kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé àwọn fẹ́ gbẹ́ kànga jíjìn sókè ilé Verna gan-an. Bí ìjọba bá gbà fún wọn, kànga Verna á gbẹ, igi ápù tí baba ọkọ rẹ̀ gbìn á sì kú lórí ìdúró.

Èyí tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jùlọ ni pé ọwọ́ rẹ̀ ló wá omi fún ilé wáìnì àkọ́kọ́. Gbogbo àfonífojì mọ̀ pé bí Verna bá di ẹ̀ka igi tó là bí igi kànnàkànnà mú, ibi tí igi náà bá ti dorí kodò, omi wà níbẹ̀. A kì í sì í fi omi du aládùúgbò níbẹ̀. Ó wá a fún wọn. Kò bèèrè iye tí wọ́n fẹ́ mu. Wọ́n fi ìgò wáìnì mẹ́fà dúpẹ́. Kò ṣí ọ̀kan títí dòní.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà, Orrin Tappe, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń tún pọ́ǹpù ṣe, wá fi ọkọ̀ gbé e.

"Obìnrin yìí, o ò tíì wọ bàtà? Ìjọba ò ní dúró dè ẹ́ o."

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Bí wọ́n bá bi mí pé ta ló júwe omi fún wọn ńkọ́?"

"Ta ni ò mọ̀? Èmi kọ́ ni mo gbé pọ́ǹpù sí i? A ó jọ jẹ́jọ́ wa ni. Wọ bàtà."

Ní ìpàdé, obìnrin tó ń gbẹnu sọ fún ilé wáìnì tuntun rẹ́rìn-ín músẹ́. "Omi pọ̀ lórí òkè yẹn, ẹ̀yin àgbà. Ará àdúgbò yín kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó kọ́kọ́ dé. Ó wà nínú ìwé wọn."

Verna dìde, ó di ẹ̀yìn àga mú.

"Èmi ni ará àdúgbò yẹn. Mo sọ pé omi wà. Mi ò sọ pé kò lè tán."

Ó fa okùn kànga rẹ̀ yọ nínú àpò, ó di orí rẹ̀ mú, ó gbé òjé fún Orrin. Orrin ń fà á lọ láàárín àwọn àga títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà.

"Màmá," ni alága wí, "ìṣẹ́jú mẹ́ta yín ti pé."

"Okùn ò tíì tán, sà."

Alága wo okùn. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àga rẹ̀, ó ń tọ òwú pupa kọ̀ọ̀kan lọ, ó ń bèèrè ọdún rẹ̀, Verna sì ń dá a lóhùn. Nígbà tó padà jókòó, òun àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ kò sọ pé rárá, wọn kò sì gbà. Wọ́n ní kí gbogbo ilé tó wà nísàlẹ̀ òkè wọn kànga wọn fún oṣù mẹ́ta ná.

Lọ́jọ́ kejì, Verna bá Orrin lẹ́nu géètì pẹ̀lú okùn tuntun tó so irin mọ́.

"Kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é," ni Orrin wí.

"Ìwọ tó o ti ń ṣe pọ́ǹpù látọjọ́ yìí?"

"Fífà ni mò ń fa omi. Mi ò wọ̀n ọ́n rí."

Verna kò rẹ́rìn-ín. Ó mú un lọ sídìí kànga, ó ju òjé sílẹ̀, àwọn méjèèjì sì tẹ́tí.

Ó pẹ́ kó tó dún.