Ẹ̀rọ Lọ́wọ́ Àbúrò, Adáptọ̀ Lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n

Agékọ́kọ́rọ́ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo ní kí n tètè sọ ọ́, nítorí bí ẹ bá kà á dé ìdajì, ẹ ó máa bú u.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò gbà ju ènìyàn méjì lọ. Ẹ̀rọ tó fi ń gé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Àwọn kọ́kọ́rọ́ tí kò tíì ní eyín ń fì lára ògiri lọ́wọ́ òsì. Lẹ́búlẹ́bú irin kì í tán lára ẹ̀wù rẹ̀. Kì í bá oníbàárà ṣàwàdà, kì í sì í pọ́n wọn lé. Bí ẹnì kan bá padà wá pé kọ́kọ́rọ́ tó gé fún òun kò ṣí ilẹ̀kùn, ohun tó máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé ilẹ̀kùn yín ni?"

Ohun kan ṣoṣo ló máa ń tú ojú rẹ̀ ká: ẹ̀rọ géèmù bàbá rẹ̀. Awakọ̀ ni bàbá náà. Ọ̀gá rẹ̀ ń kó lọ sí ìlú mìíràn, ó ní kó mú ohun tí òun kò lè gbé lọ, òun náà sì gbé ẹ̀rọ yìí wálé fún àwọn ọmọ rẹ̀ méjì. Obìnrin ni àkọ́bí. Agékọ́kọ́rọ́ ni ìkejì. Pẹlẹbẹ ni ẹ̀rọ náà, orí ni wọ́n ti ń ki kásẹ́ẹ̀tì géèmù bọ̀ ọ́. Funfun ni nígbà yẹn. Ní báyìí, ó ti pọ́n bí eyín amusìgá. Àwọn ọmọ méjèèjì á jókòó sílẹ̀, páàdì kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa ta géèmù, wọ́n á máa bú ara wọn, títí bàbá á fi ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ sinmi. Ẹ̀gbọ́n ló sábà máa ń borí.

Bàbá kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n pín ẹrù rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀rọ géèmù ni òun fẹ́, kí wọ́n kó ìyókù lọ. Àbúrò bàbá wọn ló ń pín in. Ó rẹ́rìn-ín.

"Kí lobìnrin ń fi géèmù ṣe? Gbé e fún ọkùnrin."

Agékọ́kọ́rọ́ mọ ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀rọ náà jù. Kò sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́, ó gbà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, ó lọ sídìí ògiri, ó fa adáptọ̀ yọ, ó jù ú sínú báàgì rẹ̀.

"Kí nìyẹn?" ni àbúrò bàbá wọn bi í.

"Okùn lásán ni, Bàbá Kékeré. Ẹ jẹ́ kóbìnrin mú okùn."

Kì í ṣe okùn lásán. Adáptọ̀ ni àpótí dúdú kékeré tó wúwo, tó máa ń wà láàárín ògiri àti ẹ̀rọ. Òun ló ń rọ iná lójú kí ẹ̀rọ tó mu ún. Irú ẹ̀rọ yẹn kò mọ̀ ju adáptọ̀ tirẹ̀ lọ, àwọn tó sì ń ṣe é ti pa á tì tipẹ́tipẹ́.

Bí Agékọ́kọ́rọ́ bá tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ì bá rí i gbà. Kò lọ. Ó ní kí ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe bá òun to òmíràn, ìyẹn sì tò ó sínú ike ọṣẹ. Ó tan ẹ̀rọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwòrán ń gbọ̀n lójú tẹlifíṣọ̀n bí ẹni ibà mú, ike ọṣẹ sì ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò.

Gbólóhùn kan péré ni ẹ̀gbọ́n fẹ́ gbọ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́." Àbúrò fẹ́ kó gbé e wá láìsí ẹ̀bẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí títí irun àwọn méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun.

Ilé mi ni mo ti mọ̀ wọ́n. Onífọ́tò ni mí kí ojú mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Yàrá tí mo ti ń ya ènìyàn ṣì wà lẹ́yìn ilé: ògiri funfun, aṣọ dúdú lójú fèrèsé àti lẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni àwa tí a fẹ́ràn ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ ti ń pàdé ní Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù. Onígbàjámọ̀ wà nínú wa. Nọ́ọ̀sì wà. Agékọ́kọ́rọ́ náà wà, àti àwọn kan tí wọ́n ń wá tí wọ́n ń lọ. Mo ní tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí iké. Òun là ń lò. Àwọn tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tuntun wọ̀nyí máa ń ba àwọn géèmù náà lójú jẹ́.

Òfin wa kò pọ̀. O gbé ohun kan wá, o gbé e sórí tábìlì, o sọ bí o ṣe rí i, o tàn án. Ohun tí kò bá tàn, a kì í yìn ín, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Ní oṣù kan, obìnrin alágbàfọ̀ kan wọlé. Ó kí mi, ó kí gbogbo ilé. Ó yọ aṣọ kan tí wọ́n lọ̀ dáadáa nínú báàgì, ó tú u. Adáptọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì.

"Bàbá mi ló fún wa," ó wí. "Ó pé pérépéré. Okùn rẹ̀ kò já rí."

Onígbàjámọ̀ wò ó, ó tún un wò. "Àǹtí, ẹ mú okùn wá. Màlúù ńkọ́?"

"Màlúù wà lórí àga lọ́hùn-ún." Ó fi ẹnu júwe Agékọ́kọ́rọ́. "Ó ń wò."

A rẹ́rìn-ín. Agékọ́kọ́rọ́ nìkan ni kò rín. Bí a ṣe mọ̀ pé ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, obìnrin náà kò pa oṣù kan jẹ. Á gbé adáptọ̀ wá, á gbé e sórí tábìlì, kò ní fi tan nǹkan kan, á tún dì í padà. Àbúrò rẹ̀ á gbé ẹ̀rọ wá pẹ̀lú ike ọṣẹ. Tábìlì kan náà ni. Bí àwòrán bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, obìnrin náà á tẹ̀ síwájú, á bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀.

"Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ bàbá mi. Ibà yìí kò tíì lọ?"

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," Agékọ́kọ́rọ́ á dáhùn. "Kò béèrè oògùn lọ́wọ́ yín."

Lọ́jọ́ kan, Nọ́ọ̀sì pè é sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo wà nítòsí.

"Ẹ bẹ ẹ̀gbọ́n yín. Ẹnu lásán ni."

"N kò jí nǹkan ẹnikẹ́ni. Kí ni mo fẹ́ bẹ̀ fún?"

"Ẹ dákẹ́ lọ́jọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n yín náà ni. Gbogbo wa la gbọ́."

Ó wọlé padà. Kò bá Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi tú ká.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ẹgbẹ́ kan láti ìlú mìíràn ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ wá wo ohun tí a ní. A ti mọ olórí wọn. Oníbọ̀wọ́ là ń pè é, nítorí ó máa ń wọ ìbọ̀wọ́ funfun kó tó fọwọ́ kan ẹrù ẹlòmíì, bí ẹni pé ẹrù wa légbò. Ó ti ń sọ kiri pé irú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ yẹn, kò sí ọ̀kan tó ṣì ń tàn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lágbègbè wa. Agékọ́kọ́rọ́ gbọ́.

"Kó máa bọ̀," ó wí. "Tèmi ló máa kọ́kọ́ rí."

Wọ́n dé. Wọn kò mu omi tí mo gbé fún wọn. Oníbọ̀wọ́ rìn yí tábìlì ká, ó gbé tibí, ó gbé tọ̀hún, ó ń ṣe "hùn-ún" sí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ Onígbàjámọ̀ tàn. Wọn kò yìn ín. Ó wá kan Agékọ́kọ́rọ́. Ó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, ó ki okùn ike ọṣẹ bọ̀ ọ́, ó tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ̀rọ kò tàn. Ó tún un tẹ̀. Ó fọwọ́ kan ike ọṣẹ. Kò kùn, kò gbóná. Ó ti kú.

"Ó ń sùn ni?" Oníbọ̀wọ́ bi í.

Àwọn èèyàn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ̀rín Onígbàjámọ̀ ló dùn ún jù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó, báàgì wà lórí itan rẹ̀. Gbogbo ojú yí sí i.

"Àǹtí," Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀.

"Ìwọ kọ́ ló máa bẹ̀ mí." Ojú àbúrò rẹ̀ ló ń wò. "Gbólóhùn kan ni. Sọ ọ́ níwájú wọn. Ojú ènìyàn lo ti gbé ẹ̀rọ, ojú ènìyàn ni wàá ti bẹ̀."

Agékọ́kọ́rọ́ na ọwọ́ kọjá tábìlì, ó fa adáptọ̀ yọ lẹ́yìn ẹ̀rọ Onígbàjámọ̀.

"Ẹnu wọn bára mu," ó wí.

Òótọ́ ni. Ẹnu adáptọ̀ yẹn àti ti bàbá wọn bára mu bí ìdérí àti ìkòkò. Iná inú wọn ni kò bára mu. Iná tọ̀kan ń lọ tààrà, tèkejì ń lọ ó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó ń kó irú àwọn ẹ̀rọ yìí jọ tí kò gbọ́ ọ rí pé ohun tó ń pa wọ́n jù nìyẹn.

"Dúró," mo ní. "Wo ìdí rẹ̀ ná."

Ó yí i padà. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ti pa rẹ́. Ó mọ ohun tí mò ń wí. Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. "Fi sí i," ó wí. "Fi sí i, akọni. Ìwọ tí ò ń gé kọ́kọ́rọ́, ṣé o kò rí kọ́kọ́rọ́ tó wọlé tí kò ṣílẹ̀kùn rí?"

"Ìwọ dákẹ́ níbẹ̀!"

Ìwọ. Sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo rí ọwọ́ obìnrin náà lórí síìpù báàgì, ó ti fà á dé ìdajì. Bóyá ó fẹ́ mú un jáde. Bóyá kò fẹ́. N kò lè búra. Agékọ́kọ́rọ́ fi sí i, ó tẹ bọ́tìnnì.

Kò dún. Iná pupa kékeré iwájú rẹ̀ tàn fìrí, ó sì kú. Òórùn jáde, bíi ti kóòmù oníke tó bọ́ sínú iná. Èéfín tín-ín-rín yọ níbi tí wọ́n ti ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́. Onígbàjámọ̀ fò dìde, ó já okùn kúrò lára ògiri.

"Ó tán," Oníbọ̀wọ́ wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"O pa á!" ẹ̀gbọ́n ké.

"Ìwọ lo ní kí n fi sí i!"

"Láti ìgbà wo lo ti ń gbọ́ tèmi? Bí mo bá ní kó o bẹ́ sí kànga ńkọ́?"

"Ọjọ́ tó o fa okùn yọ lo ti pa á!"

"Ọjọ́ tó o dákẹ́ ni!"

Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kankan kò là wọ́n. Nígbà tí èémí tán nínú àwọn méjèèjì, Oníbọ̀wọ́ sún mọ́ obìnrin náà, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Màmá, adáptọ̀ yẹn kò ní iṣẹ́ mọ́ níbí. Èmi ní irú ẹ̀rọ náà nílé. Adáptọ̀ ni n kò ní, tèmi kò tàn rí."

Obìnrin náà wò ó. Ó wo ẹ̀rọ tó ń rú èéfín. Ó fa síìpù dé òpin, ó yọ ìdì náà jáde, ó kì í bọ ọkùnrin náà lọ́wọ́.

"Gbà. Máa mú un lọ. N kò tà á fún ọ, mo fi ta ọ́ lọ́rẹ."

Agékọ́kọ́rọ́ ṣì gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí.

Obìnrin náà kò yíjú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kó gbé e lọ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kò ní ohun tó fẹ́ fi ṣe mọ́, gbogbo wa la sì mọ̀. Obìnrin náà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí Oníbọ̀wọ́.

"Dá a padà."

"Màmá, ẹ ti fún mi."

"Mo ní dá a padà."

Oníbọ̀wọ́ wò mí. Ó rò pé èmi tí mo nilé á bá òun dá sí i. Mo sọ fún un pé ẹnu ọ̀nà wà lẹ́yìn aṣọ dúdú.

Ó dá a padà. Obìnrin náà dì í, ó fi sínú báàgì rẹ̀. Kò gbé e fún àbúrò rẹ̀. "O pẹ́," ló sọ fún un, ó sì jáde. Kò kí ẹnikẹ́ni.

Ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe tú ẹ̀rọ náà wò, ó dé e padà, ó ní kí wọ́n lọ sin ín. Agékọ́kọ́rọ́ kò sin ín. Ó gbé e sórí pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀bù, lókè àwọn kọ́kọ́rọ́. Ó ṣì ń wá sọ́dọ̀ wa lóṣooṣù, ọwọ́ òfìfo ló ń gbé wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò wá mọ́. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó máa gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá, ọ̀nà mìíràn wà tó yá jù ú lọ. Ibẹ̀ náà ló ń gbà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ gé kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mi. Bí Agékọ́kọ́rọ́ ṣe ń gé e lọ́wọ́, obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, agbọ̀n aṣọ tútù wà ní ìbàdí rẹ̀. Ó wo pẹpẹ.

"Eruku wà lórí ẹ̀rọ bàbá mi."

Agékọ́kọ́rọ́ kò gbójú sókè. "Ẹ wọlé wá nù ún."

"Ọwọ́ mi lómi," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó sì kọjá lọ.