Ibi Ìfọṣọ Lẹ́yìn Yàrá Ìyá Àgbà

Ilé tí wọ́n bí mi sí ní Ìgbó-Ọrà kò ní ibi ìfọṣọ. Àwọn tó kọ́ ọ kò tiẹ̀ rò ó, nítorí odò ni gbogbo ayé ti ń fọṣọ nígbà tiwọn. Ilé alámọ̀ ni. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ iwájú rẹ̀ kí àlejò lè rí i, wọ́n sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ọkùnrin tó wọ agbádá tí kò wọ ṣòkòtò.

Sòbìà ló lé wa kúrò lódò. Mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí aràn burúkú náà yọ lọ́rùn ẹsẹ̀ ìyá mi, tí òun sì fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn jókòó sójú kan. Àwọn elétò ìlera tó ń ti Ìdèrè bọ̀ sọ fún un pé kó má ti ẹsẹ̀ tó ní egbò bọ omi tí ará ìlú ń mu. Egbò náà jinná, ṣùgbọ́n ẹ̀rù odò kò kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, kì í ṣe ẹni tó ń yin ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i tó ń fa ẹ̀fọ́ ṣọkọ tó gbìn sẹ́yìn yàrá rẹ̀ tu. Ó yí ọlọ kan tó ti fọ́ lọ síbẹ̀, ó sì pe ìyá mi.

“Ìyàwó, ibí ni kó o ti máa fọṣọ. Èmi ò lè máa gbé omi gbígbóná fún ẹlẹ́sẹ̀ dídùn lọ́dọọdún.”

Ìyá mi kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ìyá Àgbà ti kọjá lọ kó tó dìde.

Ibi tóóró kan ni, láàárín ògiri yàrá náà àti ọgbà aládùúgbò wa. Bí ẹni méjì bá pàdé níbẹ̀, ọ̀kan ní láti padà sẹ́yìn. Èyí tó burú jù ni pé ọ̀dọ̀ aládùúgbò ga ju tiwa lọ, nítorí náà gbogbo omi tí a bá dà nù, ìdí ògiri Ìyá Àgbà ló ń ṣàn padà sí. Bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Erúwà, máa ń dé ní òpin ọ̀sẹ̀, á dúró wo omi náà, á ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ òun á la gọ́tà síbẹ̀. Ó ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Erúwà. Ọ̀hún ni gbogbo sìmẹ́ńtì ń lọ.

Ìyá mi ṣe èyí tó lè ṣe. Ó to àfọ́ ìkòkò kí omi lè gba orí wọn lọ, ó gbé páànù àlòkù ti ògiri, ó ń da eérú àti iyanrìn sí ìdí rẹ̀. Èmi ni mo ń pọnmi, èmi ni mo sì ń sá aṣọ. Búlúù tí a fi ń ṣan aṣọ funfun bàbá mi rin ògiri náà títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi di aláwọ̀ aró.

Yàrá yẹn ni wọ́n mú Ìyá Àgbà wọ̀ nígbà tó di ìyàwó, ibẹ̀ ló bí bàbá mi sí. Bọ́tọ̀, ìyẹn imí màálù, ló fi ń pa ilẹ̀ rẹ̀ kó lè máa dán. Pálọ̀ ni wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí, ó sì ti fi ọwọ́ han bàbá mi ibi tí wọn yóò tẹ́ òun náà sí, nínú yàrá rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó pààlà pẹ̀lú pálọ̀. Ẹ̀wà ló ń ṣà lọ́wọ́ nígbà tó ń sọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́ pé ó bèèrè lọ́wọ́ wa nìyẹn.

Nígbà tó yá, ẹní rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ó sún ibùsùn rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìyá mi rí i, ó ní, “Màámi, ẹ jẹ́ kí n wá ibòmíràn.”

“Níbo? Odò? Fọṣọ ẹ jàre.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí títí dòní. Ó mọ ohun tí omi ń ṣe, ó sì ní ká máa dà á.

Ògiri wó lọ́sàn-án ọjọ́ kan lákòókò òjò, nígbà tí Ìyá Àgbà lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Tápà. Ó ya wọ inú yàrá, ó sì fa páànù òrùlé lulẹ̀. Bàbá mi kó ìyá rẹ̀ lọ sí Erúwà, sínú ilé bíríkì tó ní ibi ìfọṣọ oní-sìmẹ́ńtì àti gọ́tà. Àwa kó àlàpà kúrò, ó wá ku ilẹ̀ yàrá náà nìkan, tó le, tó tẹ́jú, tí oòrùn ń pa dáadáa. A kò ní irú ibi ìfọṣọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹnikẹ́ni kò pinnu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí ẹ̀yìnkùlé di ẹrẹ̀, ìyá mi gbé báàfù síbẹ̀. Nígbà tó yá, a ta okùn. Inú mi tiẹ̀ dùn.

Ọdún Kérésìmesì ni Ìyá Àgbà wá kí wa. Ó dé ibi tí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ní, “Àgò o.” Aṣọ tútù ló wà níwájú rẹ̀. Ìyá mi sáré wá, ó ń já aṣọ lórí okùn.

“Fi í sílẹ̀. Kò tíì gbẹ.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gba abẹ́ aṣọ kọjá, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pálọ̀. “Ṣé ẹ ò gbàgbé ibí?”

Bàbá mi ní, “A ò gbàgbé, Màámi.”

A kò gbàgbé lóòótọ́. Nígbà tó kú ní Erúwà, àwọn ọdún 1990 ti dé, ọyẹ́ ń mú, kànga gbogbo sì ti gbẹ. A gbé e wálé. Ibi tó fi ọwọ́ hàn gan-an ni àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Òkè ilẹ̀ náà le, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀bà. Ẹ̀gbẹ́ kòtò ń ya lulẹ̀ ṣáá, omi sì ń sun nísàlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bu ẹrẹ̀ náà, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Ọṣẹ ni,” ó ní, ó sì gun òkè jáde.

Ìyá mi wólẹ̀ sí etí kòtò, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un gbẹ́, pé òun fúnra òun á máa gbọ́n omi náà. Bàbá mi ti ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ níwájú ilé, lẹ́bàá títì, níbi tí ìyá rẹ̀ kò fi hàn án.